Ta ló jẹ̀bi bí ọkọ̀ asáré bá pààyàn lójú omi?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ọkọ̀ asáré kan forí sọ òmíràn lójú omi, tí ẹ̀mí sì bá a lọ, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n mú awakọ̀ náà, kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á ní omi kì í ṣe ilẹ̀, pé ẹni tó bá wọ inú ọkọ̀ ti mọ ohun tó lè gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnìkan á béèrè pé ta ló tilẹ̀ di ìdarí ọkọ̀ mú lásìkò náà, ẹlòmíràn á ní ta ló ni ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di ti ọtí, ó ti di ti ìwé àṣẹ, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí òfin ń wò nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ojú tí a fi ń wo mọ́tò la fi ń wo ọkọ̀ orí omi. Lórí títì, ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn ni awakọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Lójú omi, ọwọ́ òfin lè fo ẹni tó di ìdarí mú, kó lọ gbá ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Ó sì lè mú àwọn méjèèjì pọ̀.

Irú ọkọ̀ wo là ń sọ?

Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń fi ẹ́ńjìnì sáré ni: ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọkọ̀ onírọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti jet ski tí èèyàn ń gùn bí alùpùpù. Àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé àwọn tó ń wà wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún gbọọrọ, wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí tí ìjọba lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ kékeré ni ẹnikẹ́ni lè rà lónìí kó sì wà lọ́la ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kí ló dé tí ẹni tó mọ mọ́tò wà dáadáa lè má mọ ọkọ̀ omi wà?

Àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ omi kò ní bíréèkì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, àfi kó dín agbára ẹ́ńjìnì kù kí omi fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ náà dúró, tàbí kó yí ẹ́ńjìnì sí ìpadàsẹ́yìn. Méjèèjì ló ń gba àsìkò àti àyè. Ọkọ̀ tó ń sáré 30 nọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi kìlómítà 55 láàárín wákàtí kan, ń gba nǹkan bíi mítà 15 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá bojú wẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì láti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, ọgbọ̀n mítà ti kọjá tí kò rí ohun tó wà níwájú. Bí ọkọ̀ méjì tó ń sáré báyẹn bá kọjú síra wọn, tí mítà 300 sì wà láàárín wọn, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n á fi pàdé.

Ohun kejì ni imú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ asáré bá ń gbéra, iwájú rẹ̀ á kọ́kọ́ gbé sókè kí ara rẹ̀ tó tẹ́jú sórí omi. Láàárín ìgbà náà, ìwọ̀nba ni awakọ̀ tó jókòó ń rí níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, igi tó léfòó, gbogbo wọn lè pòórá sábẹ́ imú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹta ló ń ya àwọn ọ̀gbẹ̀rì lẹ́nu jù. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ omi. Bí awakọ̀ bá yà sí òsì, ìdí ọkọ̀ á fì sí ọ̀tún. Nítorí náà, ẹni tó rí òmùwẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, tó sì yára yà sí òsì láti yẹra fún un, lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnì gan-an ló gbé lọ bá onítọ̀hún. Èyí tó tún wá burú ni pé omi tí ẹ́ńjìnì ń tì sẹ́yìn ló ń fún ìdarí lágbára. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì gbọ́wọ́ kúrò lórí iná lójijì ti dín agbára ìdarí náà kù nìyẹn. Lórí jet ski, ìdarí lè má ṣiṣẹ́ mọ́ rárá bí ẹ́ńjìnì kò bá ti omi sẹ́yìn mọ́. Ohun tí ara èèyàn á kọ́kọ́ sọ fún un pé kó ṣe nígbà ewu ni kò yẹ kó ṣe.

Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi sì wà níbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó ní apá mẹ́ta, tó ń yí ní ìgbà 3,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, lè gé ohun tó bá kàn ní ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣé òfin ìrìnnà tilẹ̀ wà lójú omi?

Ó wà, ó sì ti pẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú òkun, IMO, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe àdéhùn tí wọ́n ń pè ní COLREGs lọ́dún 1972, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1977. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lójú òkun gbangba àti lórí omi tó so mọ́ ọn ni òfin náà dè, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ epo tó gùn bí àdúgbò kan tàbí ọkọ̀ onírọ́bà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ fún odò àti adágún.

Méjì nínú àwọn òfin yẹn ló máa ń jẹyọ jù nílé ẹjọ́. Òfin karùn-ún ní kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣọ́nà nígbà gbogbo, kí wọ́n fi ojú wò, kí wọ́n fi etí gbọ́, kí wọ́n sì lo gbogbo ohun èlò tí wọ́n bá ní. Òfin kẹfà dá lórí eré tí kò léwu. Òfin náà kò dá iye kan. Ó ní kí awakọ̀ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó lágbègbè náà, bí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe lè yà tàbí dúró, àti iná ìlú tó ń tàn létí omi lálẹ́ tó lè bo iná ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò kọjá iye eré tí wọ́n kọ sára pátákó ṣì lè jẹ̀bi eré àsápajúdé bí òkùnkùn bá ṣú tàbí tí omi bá kún fún ọkọ̀.

Nípa ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì: bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì bá kọjú síra wọn, kí àwọn méjèèjì yà sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tó rí ẹnìkejì ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni kó yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ yẹra fún ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn, àyàfi bí ìyẹn bá ń gbìyànjú láti yà á sílẹ̀ tàbí tí ọ̀nà omi bá há.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin yìí lò ni pé wọ́n rò pé ẹni tí òfin gbè lẹ́yìn lè máa lọ láìwo ẹnìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kẹtàdínlógún ní kí ẹni náà má yí ọ̀nà rẹ̀ padà, kó má sì yí eré rẹ̀ padà, kí ẹnìkejì lè mọ bí yóò ṣe yẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ojú ẹ̀ pé ẹnìkejì nìkan kò lè dá ìkọlù náà dúró mọ́, òun náà gbọ́dọ̀ ṣe ohunkóhun tó lè gbà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ fi sábà máa ń pín ẹ̀bi láàárín ọkọ̀ méjì. Ọ̀kan lè ru ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi, kí èkejì ru ogún, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú bẹ́ẹ̀.

Ta ni òfin ń pè ní awakọ̀ gan-an?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, àwọn ẹjọ́ mẹ́ta ló sì fi bó ṣe le tó hàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ọkùnrin kan gbé obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ asáré kékeré rẹ̀ lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti mu ọtí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ọkùnrin náà jẹ́ kí obìnrin náà gba ìdarí. Ọkọ̀ náà dojú dé, obìnrin náà sì kú. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ Old Bailey, ohun tí ọkùnrin náà rọ̀ mọ́ ni pé òun kọ́ lòun ń wakọ̀. Olùpẹjọ́ kò jiyàn pé ọwọ́ obìnrin náà ló wà lórí ìdarí. Ohun tó sọ ni pé ọkùnrin náà ló ni ọkọ̀, ọkọ̀ náà ní àléébù, pàápàá níbi ìdarí. Kò wọ ẹ̀wù ìdóòlà fún àlejò rẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ tó ń sáré lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà, lálẹ́, nínú omi tútù. Lóṣù Keje ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ nítorí àìbìkítà tó kọjá ààlà, adájọ́ sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Ó ti sá lọ sí orílẹ̀-èdè Georgia nígbà náà. Ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a padà wá sìnrú ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Ohun tí ẹjọ́ yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gbígbé ìdarí fún ẹlòmíràn kì í gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó gbé e fún un. Àwọn agbẹjọ́rò kan ṣì ń jiyàn pé ọwọ́ òfin gùn jù níbẹ̀, pé àgbàlagbà tó fúnra rẹ̀ gbà láti wakọ̀ gbọ́dọ̀ ru ìpín tirẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ìdájọ́ náà ní àlejò kò lè mọ̀ pé ìdarí ọkọ̀ ní àrùn. Ẹni tó mọ̀ ló yẹ kó sọ.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní adágún Garda ní Ítálì, lóṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọkọ̀ asáré kan tí àwọn ọmọ Jámánì méjì wà nínú rẹ̀ gun ọkọ̀ onígi kékeré kan lórí lálẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọkọ̀ asáré náà kò dúró. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò mọ̀ pé èèyàn làwọn gbá. Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ tó wà nílùú Brescia rán ẹni tó ń wakọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹni tó ni ọkọ̀ sílẹ̀: òun náà gba ọdún méjì àti oṣù mọ́kànlá.

Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó yè níbẹ̀ tó lè ṣàlàyé. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọkọ̀ José Fernández, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball fún Miami Marlins, forí sọ òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Miami. Òun àti àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Àwọn olùwádìí ìpínlẹ̀ Florida sọ lọ́dún 2017 pé òun ló ń wakọ̀, pé eré rẹ̀ lé ní máìlì 65 láàárín wákàtí kan, pé ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.147, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 0.08 tí òfin gbà. Agbẹjọ́rò ẹbí rẹ̀ kò gbà pé òun ló wà nídìí ìdarí. Bí ó ti wù kó rí, òkú kì í jẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ohun tó kù ni ẹjọ́ owó, àwọn ẹbí àwọn méjì tó kú pẹ̀lú rẹ̀ sì pe dúkìá rẹ̀ lẹ́jọ́. Nínú irú ẹjọ́ báyìí, ìbéèrè pé ta ló ń wakọ̀ ló máa ń pinnu ẹni tí yóò sanwó fún ta.

Òfin kejì nínú COLREGs ti wí tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun nínú òfin náà kò ní gba ọkọ̀, ẹni tó ni ín, ọ̀gá rẹ̀ tàbí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe àìbìkítà. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó wà nídìí ìdarí bí gbogbo èèyàn bá ti já sómi?

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà han awakọ̀ máa ń pa ibi tí ọkọ̀ gbà àti eré rẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà inú ẹ́ńjìnì ìgbàlódé náà máa ń ṣàkọsílẹ̀. Àwọn olùwádìí á wo ibi tí àwọ̀ ọkọ̀ kan ti fara ha èkejì láti mọ igun tí wọ́n ti pàdé, wọ́n á wo ọgbẹ́ ara àwọn èèyàn, torí pé àmì tí sítíárìn ń dá sí àyà yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìdarí, bàtà tó há sí abẹ́ àga, fóònù, kámẹ́rà etí omi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Ṣùgbọ́n omi kì í jẹ́ kí ipa táyà wà, ìgbì ń gbé nǹkan lọ, ọkọ̀ sì lè rì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá náà?

Ọ̀kan lára àwọn àkọsílẹ̀ tó kún jù ni ti Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà, tó ń jáde lọ́dọọdún. Ní ọdún 2023, wọ́n ka ìjàǹbá 3,844 tó kan ọkọ̀ ìgbafẹ́, títí kan àwọn tí kò ní ẹ́ńjìnì. Èèyàn 564 ló kú, àwọn tó lé ní 2,100 sì fara pa. Àìfọkànsí awakọ̀, àìṣọ́nà dáadáa, àìní ìrírí àti eré àsápajúdé wà lára ohun tí wọ́n ń rí lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i pé ìjì kò sí níwájú nínú wọn. Nínú ikú tí wọ́n mọ ohun tó fà á, ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé omi ló gbé wọn lọ. Nínú àwọn tí omi gbé lọ tí wọ́n sì mọ̀ bóyá wọ́n wọ ẹ̀wù ìdóòlà, ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni kò wọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ bóyá awakọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó kú ló wà nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́ ààbò kankan.

Ọtí ló ṣíwájú nínú ohun tó fa ikú lọ́dún náà: èèyàn 79. Oòrùn, ariwo ẹ́ńjìnì, atẹ́gùn àti bí ọkọ̀ ṣe ń mì ń sọ ara di aláàárẹ̀, ọtí sì tún wá ń lé e lórí. Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé pípa awakọ̀ nìkan mọ́ kúrò nídìí ọtí kò tó lójú omi. Èrò tó ti mutí yó lè ṣubú sómi láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí awakọ̀ tí kò mutí rárá ń wà.

Òfin orílẹ̀-èdè lórí ọtí kò sì bára mu. Amẹ́ríkà fi 0.08 ṣe ààlà. Sweden le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: láti ọdún 2010, ìwọ̀n 0.2 nínú ẹgbẹ̀rún, tó jẹ́ 0.02 ní ìṣirò ti Amẹ́ríkà, ti di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá wa ọkọ̀ tó lè sáré dé 15 nọ́ọ̀tì tàbí tó gùn tó mítà mẹ́wàá. Ní Ìlú Ọba, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní ààlà tiwọn. Ìjọba ṣòfin fún àwọn tó ń gbafẹ́ náà lọ́dún 2003, àmọ́ apá yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Okùn pupa tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ńkọ́?

Okùn ìpa-ẹ́ńjìnì ni. Apá kan rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnì, apá kejì wà lára awakọ̀. Bí awakọ̀ bá já bọ́ sómi, okùn náà á fà yọ, ẹ́ńjìnì á sì kú. Láìsí i, ọkọ̀ tí kò lẹ́nìkan nínú mọ́ lè máa yí po lórí eré lójú kan náà, níbi tí àwọn tó ṣubú wà gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní etíkun Padstow, ní Cornwall, lóṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ onírọ́bà oníẹ́ńjìnì ńlá. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ojú omi ní Ìlú Ọba, MAIB, ṣàlàyé pé ìyá ló ń wakọ̀ nígbà tí bàbá nawọ́ kọjá láti gba ìdarí àti iná. Ọkọ̀ náà ṣẹ́rí lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì da àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sómi. Okùn náà kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọkọ̀ yí padà wá bá wọn. Bàbá náà àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ kú, ìyá pàdánù ẹsẹ̀ kan.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 so okùn náà, tàbí kó lo èyí tí kò lókùn tó ń bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀ láti ọwọ́, bí ọkọ̀ bá ní in tó sì ń sáré. Ẹni tó wà nínú yàrá ìwakọ̀ tí wọ́n bò kò sí lábẹ́ òfin náà. Ohun tó ń dá àwọn awakọ̀ lẹ́kun ni pé okùn náà ń dí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á sì yọ ọ́. Ìgbà tí ìdarí ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni okùn sì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé ìwé àṣẹ ló máa yanjú rẹ̀?

Lórí èyí ni àwọn èèyàn ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Jámánì ń béèrè ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ju agbára ẹṣin 15 lọ. Ítálì ń béèrè rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá kọjá nǹkan bíi 40. Norway ní kí ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1980 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ yege nínú ìdánwò kó tó wa ọkọ̀ tó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ tàbí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ju agbára ẹṣin 25 lọ. Ní Florida, ẹ̀kọ́ ààbò pọn dandan fún àwọn tí wọ́n bí láti oṣù Kìíní ọdún 1988 bí ẹ́ńjìnì bá tó agbára ẹṣin mẹ́wàá. Ní Ìlú Ọba, ìwé àṣẹ kò pọn dandan fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ lójú òkun.

Àwọn tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ ní kò bójú mu pé ẹni tí kò lè wa mọ́tò kékeré láìṣe ìdánwò lè ra ọkọ̀ tó lágbára ju mọ́tò mẹ́ta lọ kó sì kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Wọ́n ní ìwé àṣẹ tún ń fún ìjọba ní ohun tó lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ, bí ẹgbẹ́ RYA tó ń ṣojú àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ní Ìlú Ọba, gbà pé ẹ̀kọ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn láti gbà dára ju àṣẹ lọ. Àwọn mìíràn tún ń béèrè pé ta ni yóò máa yẹ ìwé wò lórí omi tó fẹ̀ báyẹn.

Ẹ̀rí ń bẹ fún ìhà méjèèjì. Iye ọdún 2023 tí mo mẹ́nu bà lókè gbè lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Ítálì tó ń béèrè ìwé àṣẹ náà ni adágún Garda wà. Ní etí Venice, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Fabio Buzzi, tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́pọ̀ ìgbà nínú eré ọkọ̀ asáré, forí sọ ògiri òkúta tó ń dènà ìgbì lálẹ́, nígbà tó fẹ́ fi àkọsílẹ̀ eré tuntun lélẹ̀ láti Monte Carlo. Òun àti àwọn méjì mìíràn kú, ẹnìkan yè. Ènìyàn díẹ̀ láyé ló mọ ọkọ̀ asáré tó o.

Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2023, òfin tuntun kan ti mú kí jet ski àti àwọn ọkọ̀ tó jọ ọ́ wà lábẹ́ òfin ọkọ̀ òkun. Ẹni tó bá wà á nílòkulò lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, kò sì sí òté sí iye owó ìtanràn. Wọn kò béèrè ìwé àṣẹ. Ìjìyà ni wọ́n mú le.

Kí ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀?

Kó dúró, kó ṣèrànwọ́, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ìkọlù ọkọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Brussels lọ́dún 1910, ti sọ ọ́ di dandan fún ọ̀gá ọkọ̀ láti ran ọkọ̀ kejì àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá fi àwọn tirẹ̀ sínú ewu. Àwọn òfin abẹ́lé ti fi ẹ̀wọ̀n kún un. Sísá kúrò sì sábà máa ń bí ẹ̀sùn kejì lé orí àkọ́kọ́.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá náà máa ń fa àríyànjiyàn, ó sì gbóná ní Florida. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin wà nínú rẹ̀ forí sọ òpó tí wọ́n fi ń sàmì sójú ọ̀nà omi nítòsí Boca Chita Key. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan kú. Àwọn olùwádìí kò ṣàyẹ̀wò ọtí fún awakọ̀ náà. Ẹ̀sùn kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn án lọ́dún 2023. Ọdún 2024 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ẹ̀sùn ńlá, pé ó fi ọkọ̀ pààyàn. Awakọ̀ náà ní òun kò jẹ̀bi, pé ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ló gbé òun. Lọ́dún 2025, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin kan tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, tó mú ìjìyà ìwakọ̀ nílòkulò lójú omi le sí i.

Bí ẹ̀bi bá ti hàn, ṣé owó gbà-má-bínú dájú?

Kò dájú tó bí èèyàn ṣe rò. Ìbánigbófò kò pọn dandan fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tún wà láti ọdún 1851, tí wọ́n ṣe kí àwọn oníṣòwò má baà sá fún okòwò ọkọ̀ òkun. Ó gba ẹni tó ni ọkọ̀ láyè láti ní iye tí ọkọ̀ náà tó lẹ́yìn ìjàǹbá ni òun yóò san mọ, bó bá lè fi hàn pé òun kò lọ́wọ́ nínú àṣìṣe náà, òun kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni Titanic lò ó. Àwọn tó ni ọkọ̀ asáré aládàáni náà ń lò ó, bí ẹlòmíràn bá ti wa ọkọ̀ wọn lọ fi gbá èèyàn. Ọkọ̀ tó ti fọ́ yángá kì í tó nǹkan.

Àwọn agbẹjọ́rò àwọn tó fara pa ní òfin náà ti gbó, pé ìbánigbófò ti gba ipò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní bí wọ́n bá mú un kúrò, owó tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń san yóò gòkè. Lẹ́yìn tí iná jó ọkọ̀ èrò kan tí wọ́n ń pè ní Conception ní California lọ́dún 2019, tó sì pa èèyàn 34, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà tún òfin náà ṣe ní ìparí ọdún 2022, wọ́n sì yọ àwọn ọkọ̀ kékeré tó ń gbérò fún owó kúrò lábẹ́ ààbò rẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ aládàáni.